Bí A Ṣe Ń Fi MIG Jó Páànù Ara Ọkọ̀ Tí Kò Fi Ní Lu, Tí Kò Fi Ní Lọ́

Páànù tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, bónẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà ọkọ̀ òde òní kì í sábà nípọn ju 0.6 sí 0.8 mílímítà lọ. Ti ọkọ̀ àtijọ́ lè tó mílímítà kan. Ẹni tó ti ń jó géètì àti irin tó nípọn láti ọjọ́ pípẹ́ lè fojú kéré irú iṣẹ́ yìí, títí dìgbà tó bá tẹ tírígà, tí ihò sì là níbi tó fẹ́ dí. Ooru ló fà á. Irin tó nípọn máa ń pín ooru káàkiri ara rẹ̀, ṣùgbọ́n páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ríbi pín in sí: yálà kó yọ́ kó jábọ́, tàbí kó wú kó sì lọ́. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, láti orí wáyà tí ẹ máa fi sínú MIG, ìyẹn ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀ lẹ́nu ìbọn tí a fọwọ́ dì mú, dórí bí ẹ ṣe máa lọ ojú iṣẹ́ nígbà tó bá parí, ọ̀nà àtidín ooru kù ni. Jíjó gan-an kì í gba àkókò púpọ̀. Gígé, híhó àti títò ló ń jẹ ọjọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo irin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn

Kì í ṣe gbogbo irin ara ọkọ̀ la ń jó. Fẹ́ńdà, ilẹ̀ ọkọ̀, etí ibi tí táyà ń yí sí àti páànù ìta ilẹ̀kùn sábà máa ń jẹ́ irin rírọ̀ tí MIG lè jó dáadáa. Àwọn òpó tó gbé òrùlé ró àti àwọn irin tó wà nínú ìhà ọkọ̀ tuntun yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ irin líle tí wọ́n pò mọ́ bóróònù, tí wọ́n mú gbóná, tí wọ́n sì mú tutù lójijì ní ilé iṣẹ́ kó lè gba ìkọlù. Bí ooru wẹ́ẹ̀dì bá ti kàn án, agbára yẹn ti lọ nìyẹn, ojú kò sì ní rí i. Ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gbé jáde ló máa ń sọ ibi tí a lè gé àti ibi tí a kò gbọdọ̀ gé. Ẹni tí kò bá ní ìwé yẹn lọ́wọ́, kó má fi gíráíńdà kan òpó ọkọ̀ rárá.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ páànù, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù, èyí tí wáyà irin kò lè jó, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fi bọ́dìfílà, ìyẹn àtè tó ń le bí òkúta, dí ihò ńlá síbẹ̀ ṣáájú yín.

Iná ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn páànù

Wẹ́dà ń wo ojú páànù, iná sì ń ràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń jóná mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì, fóòmù, aṣọ ìjókòó, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun abẹ́ ọkọ̀, ìda tí wọ́n fọ́n sínú ihò irin, wáyà iná, páìpù bíréèkì àti páìpù epo, gbogbo wọn lè wà ní ìwọ̀n ìka kan sí ibi tí ẹ ń jó. Ẹ yọ ohun tó ṣeé yọ. Ẹ há ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ kúrò dáadáa yí ibi iṣẹ́ ká. Bí táǹkì epo bá wà nítòsí, ẹ tú u kúrò, kí ẹ gbé e jìnnà, ẹ má sì jó ara táǹkì fúnra rẹ̀ láéláé. Táǹkì tó ṣófo tiẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín epo tó kù sínú rẹ̀ ló máa ń bú gbàmù.

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìpaná àti garawa omi sí ìtòsí. Ó dára kí ẹnì kejì máa wo ẹ̀yìn páànù nígbà tí ẹ ń jó. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ má tilẹ̀kùn kí ẹ lọ sílé. Ẹ dúró ti ọkọ̀ náà fún nǹkan bí wákàtí kan, nítorí iná tó fara pamọ́ sínú fóòmù lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó là.

Ẹ yọ bátìrì, nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò fẹ́ràn iná wẹ́ẹ̀dì. Bí ibi iṣẹ́ bá sún mọ́ àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èrò tàbí bẹ́líìtì tó ń fa ara rẹ̀ le, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé ọkọ̀ náà sọ nípa yíyọ wọn. Ẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì, ìyẹn klámpù tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ wà lórí páànù tí ẹ ń jó gan-an, lórí irin tí ẹ ti hó títí tó fi ń dán. Bí ẹ bá so ó mọ́ apá òdìkejì ọkọ̀, iná lè gba inú bẹ́ríìnì tàbí ìdè ilẹ̀kùn kọjá, kó sì bà á jẹ́. Ẹ fi aṣọ tí iná kì í jó bo gbogbo gíláàsì, torí ẹ̀ta-iná tó bá bà lé gíláàsì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní ṣeé nù.

Ti ara yín ńkọ́? Ìbojú wẹ́dà nọ́ńbà 9 tàbí 10 tó fún iná kékeré tí a ń lò fún páànù. Èyí tó ń ṣú fúnra rẹ̀ sàn jù, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ rí ibi tí ẹ fẹ́ tọ́ ẹnu wáyà sí kí ẹ tó tẹ tírígà. Ìbọ̀wọ́ awọ, aṣọ òwú, bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá. Púpọ̀ nínú páànù ọkọ̀ ni wọ́n ti fi síńkì bò, èéfín síńkì sì ń fa ibà àti òtútù ní alẹ́ ọjọ́ tí èèyàn bá fà á símú. Nítorí náà, ẹ lọ síńkì kúrò, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn wọlé. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: àwọn agolo kan tí a fi ń fọ bíréèkì ní kẹ́míkà tó ní kílórìn nínú, tí ìmọ́lẹ̀ àti ooru wẹ́ẹ̀dì lè sọ di phosgene, májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fi irú rẹ̀ nu irin tí ẹ fẹ́ jó. Acetone ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Ẹ̀rọ, wáyà àti gáàsì

Wáyà 0.6 mílímítà tó jẹ́ irin gbọnrangandan, tí kò ní ìyẹ̀fun nínú, irú èyí tí wọ́n kọ ER70S-6 sí lára, ni mo máa ń mú lọ sí ibi páànù. Wáyà 0.8 náà ṣeé lò, pàápàá fún irin tó tó mílímítà kan sókè, ṣùgbọ́n iná tó máa yọ́ ọ ju ti 0.6 lọ, iná tó pọ̀ ni a sì ń sá fún. Típù tó wà lẹ́nu ìbọn gbọ́dọ̀ bá wáyà mu. Ojú ihò rólà náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹ rọra fún rólà, kó fún débi tó fi ń ti wáyà dáadáa, àmọ́ kó lè yọ̀ bí wáyà bá há. Bí ẹ bá fún un jù, wáyà á lọ́ mọ́ra nínú ẹ̀rọ, ẹ ó sì fi ìdajì wákàtí tú u.

Pẹ̀lú wáyà gbọnrangandan àti gáàsì, ìbọn ló ń gba pọ́sítíìfù, ẹ́ẹ̀tì ló ń gba nẹ́gétíìfù. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ̀rọ náà bá ti ṣiṣẹ́ rí láìlo gáàsì, nítorí wáyà oníyẹ̀fun, ìyẹn èyí tó ní ìyẹ̀fun nínú tó ń ṣe iṣẹ́ gáàsì, sábà máa ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Gáàsì tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni argon tí wọ́n pò mọ́ CO2 díẹ̀, láti ìdá 5 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. CO2 nìkan ń jó irin, ṣùgbọ́n ó gbóná jù, ó sì ń ta ẹ̀ta-iná káàkiri. Lítà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan tó bí atẹ́gùn kò bá fẹ́. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ dí ojú rẹ̀ dípò kí ẹ máa ṣí gáàsì sí i, torí gáàsì tó ń tú jáde jù máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ní ti wáyà oníyẹ̀fun tí kò gba gáàsì, mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń fi ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, kì í ṣe ti páànù 0.7. Ó gbóná, ó ń tú ìdàrọ́ sórí iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ṣòro láti lọ.

Ohun tó ń mú kí MIG lè jó irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rárá ni pé, bí iná bá kéré, ẹnu wáyà máa ń kan irin, á yọ́ já, á tún kàn án, láti ìgbà 20 dé ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìparí ọdún 1950 sí 1959 ni wọ́n tó rí ọ̀nà yìí. Ṣáájú ìgbà náà irin tó nípọn ni MIG wà fún. Ìkànkàn yẹn ni ẹ ń gbọ́ bí ìró. Bó bá ń dún ṣàà, tó dọ́gba, tí kò dá, gbogbo nǹkan ti wà létò.

Gígé àti títò

Ìpẹtà tó hàn síta kò tó ìdajì èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ gé kọjá rẹ̀, kí ẹ dé ibi tí irin ti ń dán ní ojú àti ní ẹ̀yìn, tó sì nípọn bó ṣe yẹ. Èèyàn lè máa ṣe ojo níbí, kó máa rò pé bí òun bá gé e kéré, iṣẹ́ á kéré. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀, nítorí irin tí ìpẹtà ti jẹ di 0.3 mílímítà kò lè gba wẹ́ẹ̀dì kankan. Bí ẹ ti ń dí ihò kan ni òmíràn á máa là.

Bí ibi tí ẹ fẹ́ gé bá ní igun, ẹ má jẹ́ kó mú ṣóńṣó. Ẹ yí i po. Ooru máa ń kó jọ sí igun ṣóńṣó, ibẹ̀ ni páànù ti máa ń lu, ibẹ̀ náà ló ti máa ń sán lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ fi páálí gé àwòrán ihò náà, kí ẹ fi páálí gé irin tuntun, kí irin tuntun yìí sì nípọn bíi ti ọkọ̀ gẹ́lẹ́. Irin tó nípọn jù kò mú iṣẹ́ le. Ṣe ni á máa tutù nígbà tí páànù ọkọ̀ ń yọ́.

Ẹ wá hó ọ̀dà, práímà, síńkì àti ìpẹtà kúrò ní etí méjèèjì, kó tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, ní ojú, àti ní ẹ̀yìn bí ọwọ́ bá débẹ̀. Ọ̀dà tó kù ní ẹ̀yìn máa ń sọ ara rẹ̀ di gáàsì, á sì gba inú wẹ́ẹ̀dì jáde ní ihò wẹ́wẹ́wẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti so irin tuntun mọ́ ti àtijọ́. Èkíní, kí etí méjèèjì dojú kọ ara wọn, kí àlàfo tó fẹ̀ tó wáyà, nǹkan bí 0.6 sí 0.8 mílímítà, wà láàárín wọn. Èyí ló dára jù níbi tí ojú yóò rí, torí a lè fi òòlù tọ́ ọ lẹ́yìn, omi kò sì ní ríbi sá pamọ́ sí. Òun náà ló ṣòro jù. Bí kò bá sí àlàfo rárá, irin á wú, á sì ti ara rẹ̀ sókè; bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ihò ló kù. Èkejì, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀tí tẹ etí kan wọlé kí èkejì lè jókòó lé e. Ó rọrùn láti jó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á wọ àárín. Ẹ̀kẹta, kí ẹ dá ihò sí páànù òkè, kí ẹ sì jó o mọ́ ti ìsàlẹ̀ láti inú ihò náà. Èyí la fi ń rọ́pò ojú wẹ́ẹ̀dì kéékèèké tí ilé iṣẹ́ ṣe, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ lo klámpù tó pọ̀. Bí ẹ bá rò pé klámpù mẹ́rin tó, ẹ wá mẹ́rin mìíràn kún un. Iṣẹ́ tí kò tò dáadáa kí a tó jó o, wẹ́ẹ̀dì kò ní tò ó.

Ẹ dán an wò lórí àlòkù irin

Irin tí ẹ gé kúrò lára ọkọ̀ náà ló dára jù láti fi dán an wò, torí ó nípọn bákan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30 sí 40 ámpù, nǹkan bí fóltì 14 sí 16. Bí ẹ̀rọ yín kò bá kọ nọ́ńbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré jù. Kí wáyà yọ jáde lẹ́nu típù ní mílímítà 6 sí 10, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, wáyà ni ká máa tún ṣe, kì í ṣe fóltì. Bí wáyà bá ń sáré jù, á máa ti ìbọn sẹ́yìn lọ́wọ́ yín, wẹ́ẹ̀dì á sì kó jọ gègèrè sórí irin láìwọlé. Bó bá ń falẹ̀ jù, á máa yọ́ padà sí ẹnu típù, á máa dún pàà, pàà, pàà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ṣàà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ yí irin náà padà. Ẹ̀yìn ló ń sọ òótọ́. Bí ẹ kò bá rí àmì pé irin yọ́ dé ẹ̀yìn, wẹ́ẹ̀dì náà kàn jókòó sórí rẹ̀ lásán, gíráíńdà á sì lọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ̀kán omi, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ tún so irin méjì pọ̀, ẹ fi báìsì di ọ̀kan mú, kí ẹ fi pílọ̀ya fa èkejì ya. Páànù ló yẹ kó ya, kí ojú wẹ́ẹ̀dì má ya.

Jíjó gan-an

Ẹ má fa wẹ́ẹ̀dì gbọọrọ lórí páànù. Ẹni tó bá jó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ilẹ̀kùn ti ba ilẹ̀kùn náà jẹ́, bí kò tilẹ̀ lu. Tákì la ń ṣe, ìyẹn ojú wẹ́ẹ̀dì kékeré kan tí a fi tírígà títẹ̀ láàárín ìdajì sí ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe.

Ẹ fi tákì di àwọn igun mú, lẹ́yìn náà ẹ fi sí àárín, ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún síra wọn. Lẹ́yìn tákì mélòó kan, ẹ fọwọ́ pa ojú àárín irin méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì, ẹ fi òòlù tẹ́ ẹ nísinsìnyí, torí bí ẹ bá ti parí jíjó kò sí àtúnṣe tó rọrùn mọ́. Nígbà tó bá dọ́gba, ẹ fi tákì sí àárín tákì, ẹ sì máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ẹ má jó ibi méjì tó wà nítòsí ara wọn tẹ̀ léra. Ọwọ́ lásán ni òṣùwọ̀n: bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ kan ìtòsí tákì tó kọjá, kò tíì tó àkókò èyí tó kàn.

Nígbà tí ẹ bá ń kún àárín, ẹ tọ́ ẹnu wáyà sí etí tákì tó ti wà níbẹ̀ kí iná tó là, kì í ṣe sí àárín páànù. Tákì yẹn nípọn, ó lè gba ooru àkọ́kọ́, irin yíyọ́ á sì ṣàn wọ àlàfo láti ibẹ̀. Àrékérekè kékeré yìí nìkan ń gba ọ̀pọ̀ ihò lọ́wọ́ yín. Ìbọn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Níbi tó bá jẹ́ ògiri, ẹ jó o láti òkè wá sísàlẹ̀, torí páànù kò fẹ́ ooru tí ń pẹ́ lójú kan.

Pátákó bàbà tí ẹ bá tẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àlàfo dára púpọ̀. Wẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ bàbà, bàbà sì ń fa ooru lọ. Ó tún ń dá irin yíyọ́ dúró kó má jábọ́. Àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tàbí aṣọ tútù mú tákì tutù kíákíá. Èmi kò fara mọ́ ọn fún páànù ìta: ìtutù òjijì ń mú kí irin sún kì lójijì, ohun tí a sì ń sá fún nìyẹn. Ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn, kí ẹ padà wá.

Bí ihò bá là, ẹ má dààmú, ẹ má sì tẹ tírígà mọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, ẹ gbé bàbà sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wá máa fi tákì kún etí ihò náà yípo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi máa kàn ní àárín.

Fún wẹ́ẹ̀dì inú ihò, ẹ fi dírílù dá ihò mílímítà 5 sí 6 sí páànù òkè. Irin tó nípọn lè fẹ́ 8. Ẹ fi práímà onísíńkì tí a lè jó láti orí rẹ̀ kun àárín páànù méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ hó o kúrò nínú ihò gan-an. Ẹ fi klámpù fún wọn pọ̀ kó má sí àlàfo. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iná, ní àárín ihò, kí ẹ yí i jáde títí dé etí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, ihò á dí, ẹ ó rò pé ó ti wọlé, páànù ìsàlẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ẹ débẹ̀. Iná lè ga díẹ̀ níbí, torí irin méjì ló wà.

Títẹ́ àti lílọ

Tákì kọ̀ọ̀kan tó tutù ti fa páànù mọ́ra díẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ojú iṣẹ́ ti wọnú, ẹ lọ orí wẹ́ẹ̀dì kúrò díẹ̀, kí ẹ wá fi irin dọ́lì, ìyẹn irin wúwo tí a ń fọwọ́ dì mú, tì í lẹ́yìn, kí ẹ máa fi òòlù lu wẹ́ẹ̀dì náà gan-an, jẹ́jẹ́. Ìlù yẹn ń na irin padà. Wẹ́ẹ̀dì MIG le, ẹ ó gbọ́ ọ lápá, ṣùgbọ́n ó ń gbà.

Fún lílọ, fílápù dísìkì nọ́ńbà 60 tàbí 80. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì dúró sójú kan. Bí irin bá di àwọ̀ búlúù, gíráíńdà ti ń ṣe ohun tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ sá fún. Ẹ dúró nígbà tí wẹ́ẹ̀dì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú páànù. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán bíi pé kò sí wẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ á lọ páànù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di bébà. Díẹ̀ tó kù, bọ́dìfílà tí kò nípọn ju mílímítà 2 sí 3 lọ á bò ó.

Kí ìpẹtà má padà

Irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jó máa ń pẹtà kíákíá. Ní ọjọ́ náà gan-an, ẹ nù ún, kí ẹ fi práímà epoxy kun ún lójú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi síílà dí gbogbo ibi tí irin méjì ti gun ara wọn. Inú àwọn ihò irin tí fọ́rọ́ọ̀ṣì kò lè dé, ẹ fi ọ̀pá gígùn fọ́n ìda olómi sí i, kó tó ibi tí ooru wẹ́ẹ̀dì ti jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò nínú lọ́hùn-ún. Gbogbo ìfọ́nsí yìí gbọ́dọ̀ kẹ́yìn jíjó, nítorí ìda tútù àti iná kò jọ ń gbé. Kí ẹ tó dá kápẹ́ẹ̀tì padà, ẹ fi wáyà tín-ín-rín gún àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ní ìhà ọkọ̀, kó lè dá yín lójú pé síílà tàbí ìda kò dí wọn.